Ìbẹ̀rù Oyún Kejì

Òórùn aró ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi nímú tí mo bá rántí oyún mi kejì. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Nílé ìyá ọkọ mi ní Abẹ́òkúta, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ là ń ṣe: a ó rán aṣọ, a ó fa okùn rẹ̀ kó fún jọ, a ó rẹ ẹ́ sínú aró, tó bá sì gbẹ, a ó fi abẹ tú okùn náà. Èmi ni mo máa ń tú u. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo wà tí mo fi lóyún àkọ́bí mi, ọmọ náà sì wáyé pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò padé, tó là sílẹ̀ láàárín. Kò tó ọjọ́ ìkómọ tó fi lọ. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, wọn ò sì jẹ́ kí n sunkún.

Èmi bá dá ara mi lẹ́jọ́ pé ohun tí mo ń tú lóde ló tú nínú mi. Nígbà tí oyún kejì dé, n kò fọwọ́ kan abẹ mọ́. N kò tú ẹnu àpò gààrí. Irun orí mi pàápàá, n kò jẹ́ kí wọ́n tú u títí ó fi ń rùn. Ìyá ọkọ mi gbè mí lẹ́yìn: "Má tú u o, ìyàwó. Bó bá fẹ́ di ìtẹ́ ẹyẹ, kó di ìtẹ́ ẹyẹ."

Dókítà obìnrin kan ní ọsibítù ló bi mí nípa irun náà. Mo ṣàlàyé, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́, màmá. Pẹlẹbẹ bí ewé ni ẹ̀yìn ọmọ níbẹ̀rẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì á dìde, ara ibẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa fún wọn jọ bí okùn ṣe ń fún ẹnu àpò, títí wọ́n á fi kanra tí wọ́n á sì lẹ̀. Nígbà míì, kì í lẹ̀ tán. Kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ lóyún ló ti parí. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ tú u."

Ó rò pé òun ń tù mí nínú, àmọ́ ńṣe ni àyà mi já. Bó bá ti parí, a jẹ́ pé ọ̀ràn ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Yálà ó padé tàbí kò padé, mo kàn ń gbé e kiri ni. Mo tú irun mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù sì ń bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, agbẹ̀bí ní, "Obìnrin ni o!" Mo ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?" Ó da ọmọ náà dojú bolẹ̀ sí mi láyà. N kò lè gbé ọwọ́ mi. Òun ló mú un, tó fi í lé ẹ̀yìn ọmọ. Ó jọ̀lọ̀ látòkè délẹ̀. Mo bú sẹ́kún, wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni, wọn ò mọ̀ pé ọmọ àkọ́kọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè sunkún rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ti di abiyamọ báyìí. Bí àlejò bá bi í pé ṣé òun ni àkọ́bí mi, èmi ni mo máa ń yára dáhùn pé rárá o, ó ní ẹ̀gbọ́n.