Jẹ́ẹ̀tì Kan Ṣoṣo Tó Wà ní Pápá

Awakọ̀ òfurufú kan ta ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì san gbogbo owó náà láti gba ìwé-àṣẹ wíwa jẹ́ẹ̀tì àwọn ọlọ́lá. Irú jẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ìwé náà wà fún. Bí ọdún bá yípo tí kò wà á, ìwé di aláìwúlò.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tó rẹwà jù ní pápá ọkọ̀ òfurufú wa ni mo yàn,” ni ó wí fún àgbà mẹkáníìkì.

“Àbúrò, irú rẹ̀ mélòó ló wà níbí?”

“Ọ̀kan náà ni.”

“Ẹwà lo wò, o ò wádìí ilé tó ti wá.” Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. “Àná ni ọ̀gá tó ni ín ní kí n fi aṣọ bo ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò sọ ọjọ́ tí n óò ṣí i.”

Awakọ̀ náà bojú wo jẹ́ẹ̀tì náà. Koríko ti ń yọjú lẹ́bàá táyà rẹ̀.