Iná Kú, Ikọ́ Mi Ò Kú

Ọjọ́ tí iná kú ní ibùdó wa ni mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ìjì ti ń jà lórí òkun fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn apẹja tó ń kó ẹja wá fún wa ní Ugbuwangue, nílùú Warri, ti so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹja bọ́ńgà kan tí a máa yan. Àwọn ààrò tutù. Èmi àti àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ jókòó sábẹ́ páànù, à ń tún àwọn wáyà tí a fi ń yan ẹja ṣe. Atẹ́gùn odò ń fẹ́ yẹ́ẹ́, gbogbo ènìyàn ń mí dáadáa. Èmi nìkan ni mò ń wúkọ́.

Mama Ejiro gbójú sókè wò mí. Ọmọ Urhobo ni, òun ni igbákejì mi nídìí iṣẹ́ yìí, a sì ti jọ wà pẹ́ débi pé kò bẹ̀rù mi mọ́.

“Madam, fire no dey o,” ó ní. “Wetin come dey cough you?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú iṣẹ́ tiwa, ikọ́ kì í ṣe àìsàn. Ìlàjẹ ni mí, etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi yan ẹja, ìyá tirẹ̀ náà yan ẹja, mi ò sì rí èyí tí kì í wúkọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ojú á pọ́n, àyà á há díẹ̀, a ó mu omi gbígbóná, a ó padà sídìí ààrò. Bí obìnrin tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wa tó ń fi aṣọ bo imú, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àlejò èéfín ni. Ìgbà tó bá wúkọ́ títí tí omi bọ́ lójú rẹ̀ la máa ń sọ fún un pé ó ti di ọmọ ilé. Yẹ̀yẹ́ yìí ló fẹ́ pa mí.

Ara mi ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́, èmi ni mi ò dá a lóhùn. Ìró mi ń tú ní ìdí, mo kàn ń so ó le sí i ni. Mò ń jí láàárọ̀ pẹ̀lú òógùn, aṣọ mi á rin gbingbin, mo ní ooru ni. Oúnjẹ ò wù mí, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ tí Mama Ejiro sọ̀rọ̀ yẹn, mo ra oògùn ikọ́ olómi ní kẹ́míìsì, mo mu ún tán, mo tún ra òmíràn.

Àbí ta ló fẹ́ kú nínú wa? Ṣùgbọ́n ohun tó wá padà bà mí lẹ́rù ju ikú tèmi lọ wà nínú ilé. Bùkọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń bá mi gbé. Ilé iṣẹ́ kan ní Ekpan ló ti ń ṣiṣẹ́, bó bá ti jáde láàárọ̀, ọwọ́ mi ni Ṣeun ọmọ rẹ̀ máa ń wà. Ṣeun ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Orí àyà mi ló ti ń sùn. Ẹnu mi ni mo fi ń yọ egungun inú ẹja kúrò kí n tó fún un jẹ. Ó sì mọ ènìyàn án sín jẹ. Bí mo bá wúkọ́, á gbé ọwọ́ lé àyà bíi tèmi, á tẹ orí ba, á ní “họ̀ họ̀ họ̀!” Lẹ́yìn náà á dúró, á máa wò mí pé kí n dá a padà. Mo máa ń dá a padà. A máa ń rẹ́rìn-ín títí.

Bùkọ́lá ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú áńkáṣíìfù mi. Ẹ̀jẹ̀ náà ò pọ̀, ó kàn ṣe tín-ín-rín nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni.

Mo ní, “Ọ̀fun mi ló bó.”

Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá yékéyéké, Pidgin ló máa ń fi dáhùn. “Mummy, na throat make you lean like this? Abeg wear cloth, make we go.”

Ìta gbangba ni wọ́n to àga sí fún àwa oníkọ́ ní ọsibítù ìjọba tí a lọ, kí atẹ́gùn lè gbé èémí wa lọ. Mo fa gèlè bo iwájú orí, nítorí mi ò fẹ́ kí oníbàárà kankan rí mi níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní ike kékeré pé kí n wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i, èyí tó ti inú àyà wá, kì í ṣe itọ́ ẹnu lásán. Wọ́n ya àwòrán inú àyà mi pẹ̀lú. Ìdúró yẹn ló burú jù. Ènìyàn á jókòó, á máa gbọ́ ikọ́ ẹlòmíràn, á máa fi wé tirẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, nọ́ọ̀sì pè wá wọlé. Ikọ́ ife ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ àwúgbẹ, tí gbogbo Warri mọ̀ sí tíbí. Kòkòrò àrùn kan ló ń fà á. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń jókòó sí jù, ibẹ̀ ni a fi ń mí, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, kòkòrò náà á bá èémí jáde, ẹni tó bá ń bá a gbé inú yàrá kan lè fà á símú. Kì í ti ara àwo, ṣíbí tàbí oúnjẹ ran ènìyàn. Èéfín kọ́ ló ń fa ikọ́ ife. Èéfín kàn jẹ́ kí n má dá a mọ̀ ni.

Mo béèrè pé, “Ọmọ tó ń sùn láyà mi ńkọ́?”

Yorùbá ni mo fi béèrè, nọ́ọ̀sì ò sì gbọ́ ọ. Mo yíjú sí Bùkọ́lá kó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ẹkún ló bú sí.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà inú ilé wa, mo fi Pidgin tún ìbéèrè náà bi nọ́ọ̀sì.

A gbé Ṣeun lọ sí ọsibítù. Ọmọ kékeré ò mọ bí wọ́n ṣe ń wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, nítorí náà wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì. Láàárín ìgbà yẹn, mo wà nínú yàrá tèmi pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, ìbòmú ń bẹ lójú mi. Ṣeun dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé àyà. “Họ̀ họ̀ họ̀!” Ni Bùkọ́lá bá sáré já wá láti ilé ìdáná, ó fi etí lé ẹ̀yìn ọmọ. Ṣé eré ni, àbí òun gan-an ni? A ò mọ̀. Ṣeun wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú tèmi. Nígbà tí kò rí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ó sunkún.

Èsì rẹ̀ dára, àrùn náà ò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti sún mọ́ mi jù, wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò tó bá sá pamọ́ sára rẹ̀ jí dìde. Bùkọ́lá gbé e lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ekete kó lè jìnnà sí èémí mi. Nígbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn padé, mo sunkún bí ọmọdé.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn ikọ́ ife tèmi, ojoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fún mi. Kí ẹni tó bá máa lò ó má fòyà: ìtọ̀ á pupa bí zóbò, oògùn ló ń fà á, ẹ̀jẹ̀ kọ́. Èébì gbé mi, oríkèé ara ro mí. Láàárín oṣù kan ara bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ibẹ̀ sì léwu jù, torí pé ènìyàn á rò pé ó ti tán. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé bí mo bá dá a dúró, kòkòrò tó kù á le ju ti tẹ́lẹ̀.

Ó tún ní kí gbogbo àwọn tí a jọ ń jókòó ní ibùdó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ le ju oògùn lọ. Ta ló máa ra ẹja lọ́wọ́ oníkọ́ ife? Síbẹ̀ mo pè wọ́n, mo sọ fún wọn. Ẹnì kan dìde, kò padà wá mọ́. Mama Ejiro kò mira.

“Na your chest sick, no be bonga,” ó ní. “Go rest. We go dey smoke fish.”

Òun ló ń darí iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mi ò sí níbẹ̀. Èmi tí mo rò pé bí mi ò bá tan iná kò ní jó, mo gbọ́ pé iná ń jó dáadáa. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Àwọn oníbàárà kan lọ, wọn ò tíì padà títí di òní. Àyẹ̀wò sì rí ikọ́ ife lára obìnrin kan nínú wa. Èmi ni mo kó o ràn án ni, àbí òun ló kó o ràn mí? A ò mọ̀, a ò sì béèrè mọ́. A jọ lo oògùn ni.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn tí nọ́ọ̀sì fi sọ pé èémí mi ò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́, Bùkọ́lá sì gbé Ṣeun padà wálé. Èmi ni mi ò gbà. Bí ọmọ náà bá sáré wá, màá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù èémí ara mi ń bà mí, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ohun tí oògùn ń wò.

Ọjọ́ tí àyẹ̀wò ìkẹyìn fi hàn pé mo ti bọ́, mi ò jó, mi ò pariwo. Wọ́n fi àwòrán àyà mi hàn mí: àpá wà ní apá kan ẹ̀dọ̀fóró, kò ní lọ mọ́. Bí mo bá rìn kánkán, mo máa ń dúró sinmi. Ní ibùdó, a ti gbé àwọn ààrò wa kúrò lábẹ́ páànù sí ibi tí atẹ́gùn wà, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹni tó bo imú ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn la ń lé e lọ, ì báà wúkọ́ nínú èéfín, ì báà wúkọ́ nínú ìjọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni mo fi ń dúpẹ́ fún ẹja, fún ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, fún oníbàárà. Èémí ńkọ́? Mi ò dúpẹ́ fún un rí, àfi ìgbà tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo dé ilé lọ́jọ́ yẹn, Ṣeun wá dúró níwájú mi. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹ orí ba. “Họ̀ họ̀ họ̀!” Ó dúró, ó ń wò mí.

“Grandma, do your own.”

“Tèmi ti tán, ọkọ mi,” mo ní.

Mi ò gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ́. Mo na ọwọ́ sí i, ó gun itan mi, ó gbé orí lé àyà mi bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo mí sínú, mo mí síta. Orí ọmọ náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, títí oorun fi gbé e lọ.