Ohun Tí Ìyàwó Bùọ̀dá Rì Mọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Òórùn gbodo ló máa ń jí wa ní Ìlọ́fà nígbà ọyẹ́. Iṣu tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n wá sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, òórùn rẹ̀ á wọlé wá bá ènìyàn lórí ẹní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn màmá mi ló ṣáájú òórùn. "Ta ló ń mú gbodo mi?" Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé obìnrin ilé wa mọ gbodo rẹ̀ bó ṣe mọ ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó Bùọ̀dá ni gbogbo ojú yí sí.

Àbúrò bàbá mi ni Bùọ̀dá. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn kan jọ wọṣẹ́ ṣọ́jà lọ sí ogun Bìáfúrà. Ẹ̀gbọ́n kò padà. Bùọ̀dá padà, wọ́n sì mú obìnrin Ìgbò kan bọ̀. Abúlé rẹ̀ ti jóná, kò sì mọ̀ bóyá ẹnì kankan ṣẹ́ kù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Yèyé, ìyá bàbá mi, kì í bá a sọ̀rọ̀. Bó bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọn á ní "Hùn," wọn á kọjú sí ògiri. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ọmọ wọn wà nínú ilẹ̀ níbi tí wọn ò mọ̀.

Màmá mi ní tiwọn kì í dákẹ́. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé," orin ẹnu wọn nìyẹn. Wọ́n ní ẹ̀san ló wá gbà, kí á má jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́ pátápátá. Bó bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo máa ń sáré lọ wo ahọ́n mi nínú dígí, bóyá ó ti dúdú.

Èmi náà ni mo rí i. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo fẹ́ lọ tọ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àfi ìyàwó lórí ìkúnlẹ̀ tó ń fọwọ́ gbẹ́lẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ti nǹkan bọ ihò, ó fi ewé gbígbẹ bò ó. Eré ni mo sá lọ sọ fún màmá mi.

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Oògùn ló ń rì mọ́ wa lẹ́sẹ̀!"

Kíá, ẹ̀yìnkùlé kún. Bàbá mi ní bó bá jẹ́ oògùn ni, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ lọ sí Ìlọrin ló máa gbé e. Ìyàwó fọwọ́ bo ikùn, oyún rẹ̀ ti ń yọ. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Màmá mi fọkọ́ wú u. Agolo ńlá kan jáde, gbogbo wa sún sẹ́yìn. Bàbá mi fi igi ṣí ìdérí. Gbodo ni. Gbodo, ẹja gbígbẹ, ìṣáná, àti iyọ̀ tí a fi ọ̀rá wé.

"Olè!" ni màmá mi ké, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti rọ̀.

"Ẹ má bínú, Mà," ni ìyàwó wí nínú Yorùbá rẹ̀ tí kò tíì dán. "Ogun bá padà, ọmọ máa jẹ."

Bùọ̀dá lanu sílẹ̀. Àwọn pàápàá kò mọ̀. Ṣọ́jà ni wọ́n, ta ní í fi ibi tí oúnjẹ wà han ṣọ́jà?

Yèyé dìde lórí àpáta, wọ́n ti ọ̀pá wọn bọ ihò náà. "Iṣu tí ìyá mi rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun Tápà ni wọ́n jẹ tí ebi ò fi pa wọ́n kú." Wọ́n wá wo obìnrin náà lójú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú ẹ̀. "Ìyàwó, ihò yìí ò jìn tó. Òjò á dé ibẹ̀."

Bàbá mi tó ń pe ọkọ̀ Ìlọrin ló gba ọkọ́ tó gbẹ́ ẹ sí i.

Mo ti dàgbà ju màmá mi ìgbà náà lọ báyìí. Kí n má purọ́, mo ṣì ń fura. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó sá fún àwọn ajínigbé gba yàrá kan ní òdìkejì ilé mi. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo dúró sí, tí mò ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Ọmọbìnrin tó sáré lọ pe ìyá rẹ̀ kò tíì kúrò nínú mi. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé kí lojú ẹni yìí ti rí. Mo bu gàrí sínú ike, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbà á, ó dúpẹ́ títí. Kí n tó yí ẹ̀yìn padà, ó ti tì í sábẹ́ ibùsùn. N kò bi í léèrè.