Ọkọ Tí Ìyá Jọọlá Fẹ́ Sínú Omi

Wọ́n ní Ìyá Jọọlá ti fẹ́ ọkọ sínú omi. Princess tí ilé rẹ̀ fara ti tirẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí gbogbo abúlé Awóyè tó gbà á sọ. Ṣebí gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìyá àgbà ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sáàárín omi, tí á máa sunkún, tí á tún máa rẹ́rìn-ín? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ìyàwó tuntun?

Ìyá ò ráyè ọkọ. Láti ìgbà tí àwọn oníbọn ti fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ya wọ abúlé, tó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Bẹ́ẹ̀ Jọọlá ti bímọ sí Igbókòdá, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló sì ń débẹ̀. Jọọlá ló bá a wá Nàfísàt, tó ń tọ́jú ọkàn àwọn tí ẹ̀rù ti bà jù, lórí fóònù. Ní Ọjọ́rú kan, Ìyá wà nínú ọkọ̀ láàárín omi, fóònù létí, Nàfísàt sì ń bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ta ni?"

"Godspower ni, ọkọ Princess. Ẹja ló kó. Orí ọkùnrin náà ńlá bí igbá."

Nàfísàt rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ń gbọ̀n, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ ó gbọ̀n. Mo wà níbí títí á fi kọjá."

Godspower juwọ́ sí i. Ìyá juwọ́ padà.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ Godspower yìí náà ni Ìyá wọ̀ dé Igbókòdá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó gba ọmọ Jọọlá mọ́ra.

Ní ti ọkọ inú omi, pákó fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá Ìyá Jọọlá àti etí Princess; ibi tí etí yẹn kò lè dé ni Ìyá ń gbé fóònù lọ.