Àga Iwájú Dígí

Ẹni tí kò bá tíì jà nítorí àga rí ni yóò sọ pé ohun ìjókòó lásán ni àga. Ní Ọ̀yẹ́, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú, tí ènìyàn ní láti gun orí àpáta lẹ́yìn ọjà kó tó gbọ́ ohùn ará Èkó, mo bá obìnrin kan fa àga kan mọ́ra wa lọ́wọ́ fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn. N kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ni ṣọ́ọ̀bù tí àga náà wà. Nígbà tí wọ́n fún un lówó ìfẹ̀yìntì, ó gba Ìbàdàn lọ, ó ra àga onídìrí mẹ́ta, ó ra díráyà, ó ra dígí tó ga ju ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì kó gbogbo rẹ̀ wálé. Ohun gbogbo pé níbẹ̀, àfi onídìrí. Ìyá náà kò mọ irun dì rárá. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ náà sì ń fi ìborùn bo orí lọ sí ilé ìwé títí wọ́n fi gba ìsinmi. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ òun kò gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àga háyà fún àwa onídìrí tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, ní ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan. O bá sanwó ọjọ́, o gbé oníbàárà rẹ jókòó, ilẹ̀ ṣú, o kó ẹrù rẹ, ó di ọ̀la.

Kò sí ẹni tó ni àga kan pàtó. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí kóòmù rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé orí àga láàárọ̀, òun ló ni ín títí di ìrọ̀lẹ́. O kò sì lè fi kóòmù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù bá ti ń gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́, yóò kó gbogbo kóòmù tó bá rí sínú agolo bisikíìtì kan, ó parí.

Àwọn àga náà kò dọ́gba. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ ló máa ń bá ọ pín in. Ewúrẹ́ ti jẹ irun wífọ̀n mi rí níbẹ̀, mo sì sáré lé e dé iwájú ààfin kí n tó rántí pé mo ti fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìlàjì. Èyí tó wà lójú fèrèsé, oòrùn ọ̀sán ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú dígí, o bá fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìdí rẹ̀, yóò gbé oníbàárà lọ sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí obìnrin tó jókòó síbẹ̀ tí kò yí ohùn padà.

Àǹtí kan wà tó ń gba àga yìí lójoojúmọ́. Ó jù mí lọ, ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù máa ń ṣílẹ̀kùn ní kùtùkùtù kó tó lọ sí ìsìn òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí yóò sì fi aṣọ ìdàbora rékọjá títì, yóò fi kóòmù sórí àga, yóò padà lọ sùn. Èmi ń bọ̀ láti ìparí ìlú, lọ́nà Ìsàn, mo sì ní láti pọnmi kún àmù ìyá mi kí n tó kúrò nílé. Bí mo bá fi máa dé, àga ewúrẹ́ ló ń dúró dè mí.

Níbi tí mo ti ń bá èyí yí ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Èkó ti ránṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ó ní kí n wá máa bá wọn gbọ́mọ. Ó ní irun kí ni mò ń dì ní Ọ̀yẹ́ tí n kò lè fi sílẹ̀? Òun ń bọ̀ wá mú mi lọ́jọ́ Àìkú, kí n ti di ẹrù mi. Èmi àti ìyá mi la jọ wà lórí àpáta tó fi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi gba fóònù, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ó lọ ra iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Obìnrin tó jó títí lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ́ọ̀mù lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ irun dídì, tó wé gèlè pupa tuntun nítorí mi, ni kò rí nǹkan kan sọ nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀. Mo gbà pé mo ti sú u nílé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo gbójú lé. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní Ìbàdàn fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. Ó ti rí irun tí mo dì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ní èmi ni yóò di tòun. Bí orí yẹn bá jáde dáadáa, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò bèèrè ẹni tó dì í, n ó sì lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi kí n sọ pé mo níṣẹ́. Ṣùgbọ́n àǹtí ìyàwó, tó wá láti Èkó, ti sọ ọ́ pé iwájú dígí ni ọmọ àwọn yóò jókòó sí. Ó ti rí àwọn ewúrẹ́ náà.

Nírọ̀lẹ́ Fúráídé, bí ìyá mi ti ń bẹ iṣu, mo ń ro ẹjọ́ fún un. Mo ní bó ti wù kí n tètè jí tó, kóòmù Àǹtí yóò ti wà níbẹ̀. Ìyá mi kò gbójú sókè.

"Kí la ń fi sórí àga ọ̀hún tó fi ń di tẹni?"

"Kóòmù ni, Màámi."

"Kóòmù lásán?"

"Kóòmù lásán ni."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ará Èkó ń ra omi mu. Ó ní, "Ayé yín gbẹgẹ́." Ó sì ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Mo wọlé lọ di báàgì Èkó mi bí wọ́n ti ní kí n ṣe, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wò ó nígbà tó ń kọjá.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi ti lọ sóko. Àmù kún dẹ́múdẹ́mú. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò dúró bèèrè lọ́wọ́ àmù. Mo gbá báàgì iṣẹ́ mi mú, mo sáré.

Mo bá Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ ìdàbora, kóòmù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ohùn rẹ̀ sì ti ń há. Àdúrà náà gbóná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọlé. Mo yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Lápá àga iwájú dígí, wọ́n so òòyà onígi kan tí eyín rẹ̀ ti kán, ìkarahun ìgbín, àti àkísà pupa, wọ́n fi okùn ọ̀gbọ̀ dì wọ́n pọ̀ gírígírí.

Ọmọ oko kì í bèèrè ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn. Ààlè ni. Ẹni tó bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè rù ú tán, ààlè ni yóò so mọ́ ọn, yóò sì lọ sílé lọ jẹun. Olè tó bá rí i yóò mọ́wọ́ kúrò, torí ohun tí ààlè ń ṣe fún olè kò dára láti máa sọ láàárọ̀. Ẹni tó bá so ó náà ló ń tú u.

Mo mọ òòyà náà. Ilé ìdáná wa ló wà. Mo sì mọ àkísà pupa náà: etí gèlè tí ìyá mi wé lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù mi ni, èyí tí eku ti jẹ. Ìyá mi, ọmọ ẹgbẹ́ ìyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ló gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko. Mo ní kóòmù ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Ó gbé kóòmù wá, ó sì fi ohun tó kù sí i.

Kí n tó mọ èyí tí n ó ṣe, táásì ìyàwó ti dé. Àǹtí ìyàwó kọ́kọ́ wọlé, ó sì kọ́kọ́ jáde.

Ó ní, "Ha! Ẹnìkan ò ní gbé ùyàwó wa jókòó lé ìyẹn lójú mi o."

Ibẹ̀ ni àdúrà Àǹtí wa ti parí. Ohùn rẹ̀ là. "Ẹ jẹ́ kí ùyàwó máa bọ̀ lójú fèrèsé lọ́dọ̀ mi. Kò sí ìkarahun níbẹ̀. Kíá ni n ó ṣe é."

Inú bí mi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ rọra. Kí ni òfin ṣọ́ọ̀bù yìí? Ẹni tí kóòmù rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé orí àga ló ni ín. Ṣé kóòmù kọ́ nìyẹn?"

"Ùwọ lo fi síbẹ̀?"

"Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín."

"Bí ùwọ lo ni ín, jókòó lé e ká rí i," ni àǹtí ìyàwó wí.

Mo wọlé, mo jókòó. Gbogbo wọn na ọrùn, wọ́n ń wo ikùn mi bóyá yóò wú. Èmi náà ń wò ó. Mo mọ̀ pé ìyá mi kò lè so nǹkan tí yóò pa mí, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti dàgbà lè gbàgbé láti yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ikùn mi kò wú. Ó kàn kùn ni, torí n kò tíì jẹun.

Àǹtí ìyàwó ní, "Lóòótọ́, tìẹ ni. Ṣùgbọ́n ùyàwó kọ́ ló ni ín. Kò gbọdọ̀ jókòó lé e."

Mo wò yíká. Mo rí àpótí onígi tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù máa ń gùn láti nu dígí. Mo ní, "Ẹ gbé àpótí yẹn wá síwájú mi. Kì í ṣe orí àga ni ìyá tó bí mi ti ń dì mí lórí."

Ìyàwó nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún mi, ó sì gbé orí lé mi nítan bí ọmọdé tó ń lọ sí ilé ìwé ní Mọ́ńdè. Báyìí ni mo ṣe di irun ìyàwó, èmi onídìrí lórí àga ọlọ́lá, oníbàárà nílẹ̀. Dígí ga jù ú lọ, ojú tèmi nìkan ló ń rí níbẹ̀, nítorí náà ó ń bèèrè ní gbogbo ìgbà pé, "Báwo ni mo ṣe rí?" èmi náà ń dáhùn pé, "O rẹwà, dákẹ́." Bí mo bá gbàgbé tí ẹsẹ̀ mi tẹ irin ìdí àga, yóò gbé mi lọ sókè, n ó máa na ọwọ́ wá orí ìyàwó nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò tún máa rọ̀ mí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí orúnkún mi fi fẹ́ kan etí mi.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ti ìsìn òwúrọ̀ dé, ó dúró pẹ̀lú Bíbélì lábíyá. Ó ní, "Ta ni oníbàárà nínú yín?" Nígbà tó rí ohun tó wà lápá àga, ó wò ó títí, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó sọ fún mi pé kò sí ẹni tí yóò tún gba àga yẹn lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù òun, torí òun kò mọ ẹni tí yóò bá òun gbìyànjú rẹ̀.

Irun náà jáde. Nígbà tí ìyàwó dìde, tó rí ara rẹ̀ nínú dígí, ó pariwo, àǹtí rẹ̀ sì dì mọ́ mi, ó fara balẹ̀ yẹra fún apá àga.

Ìyá mi ti oko dé nírọ̀lẹ́, ó sọ iṣu kalẹ̀.

"Ṣé wọ́n gba àga rẹ?"

"Wọn ò gbà á, Màámi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wọlé lọ wẹ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́, mo fẹ́ bá a jà, mo fẹ́ sunkún. N kò mọ èyí tí yóò ṣáájú, mo bá gbé iṣu rẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi jáde ní kùtùkùtù, ó sì padà wálé kí a tó jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí búùtù sílẹ̀. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ àga àti irun ìyàwó jọ lẹ́nu láti sọ fún un, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́. Ó kí ìyá wa, ó ní ọ̀nà jìn, ó sì wọlé lọ gbé báàgì mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

A kò rí i kó jáde. Mo wọlé tẹ̀ lé e. Ó dúró síwájú báàgì náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn. Lára okùn báàgì, òòyà tó ti kán eyín ni mo rí, àti ìkarahun ìgbín, àti àkísà pupa.

Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè pé, "Màámi, kí lèyí?"

Ìyá wa dáhùn láti ilé ìdáná. "Ùwọ náà, ọmọ oko ni ọ́. Ó ní ẹni tó ni ín."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo báàgì. Ó jáde, ó lọ ti búùtù mọ́tò rẹ̀ pa, ó sì padà wá jókòó láti jẹ iyán.