Àpilẹ̀kọ Tí Gbogbo Wọn Ń Tọ́ka Sí

Iṣẹ́ àbúrò mi obìnrin, iṣẹ́ tó ń jẹ owó ni, àmọ́ kì í ṣe àpò tirẹ̀ ni owó náà ń wọ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń sìn nínú ike pẹlẹbẹ, bí ẹni ń sin adìẹ. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bí sí i, òtútù kò sì gbọdọ̀ mú wọn. Mo bi í nígbà kan pé èló ni wọ́n ń ta ìgò oúnjẹ wọn kan. Nígbà tó sọ ọ́, mo ní, "Àṣé àwọn nǹkan yìí ń jẹun jù mí lọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Àtìgbà náà ni mo ti ń pè é ní Ìyá Sẹ́ẹ̀lì.

Àpilẹ̀kọ kan ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn kan lè dá jẹjẹrẹ ọmú dúró. Láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, bí ẹlòmíràn bá kọ̀wé, tó sì fi ìwé tìrẹ ṣe ẹ̀rí, ìtọ́kasí nìyẹn, wọ́n á kà á kún iyì rẹ. Bí ìtọ́kasí ṣe pọ̀ tó ni iyì ṣe ń pọ̀ tó. Tirẹ̀ ti lé ní irínwó, ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì fẹ́ fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Kó tó fọ ẹnu láàárọ̀ ni yóò ti ṣí kọ̀ǹpútà, tí yóò wò ó bóyá ó ti lé sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó wọlé wá bá mi láìkí mi. Ó jókòó sétí àga.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti kú."

"Òkú kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìwé tuntun tó fẹ́ gbé jáde ni àwọn olótùú ní kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tó ń fi orírun sẹ́ẹ̀lì hàn. Èsì dé: sẹ́ẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọmú rárá, ti ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ ni. Ó sáré yọ èyí tó lò fún àpilẹ̀kọ ńlá náà kúrò nínú yìnyín, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkan náà ni. Àṣé nítorí kí oúnjẹ má baà ṣòfò, ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bọ́ ìdílé sẹ́ẹ̀lì méjèèjì tí wọ́n ń sìn níbẹ̀, ti ọmú àti ti ilé-ọmọ. Díẹ̀ nínú ti ilé-ọmọ ti bá ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa omi wọnú ìgò, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú ike kejì. Èyí tó ń yára bí ló bo èkejì mọ́lẹ̀. Àlejò lé onílé jáde, kò sẹ́ni tó fura.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ọ̀gá mi. Ó ní, 'Ta ló bi ọ́? Jẹ́ kí ìgbìmọ̀ jókòó ná, kí oyè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o tó máa ké.'"

"Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀, kí lo máa pàdánù?"

"Oyè. Orúkọ. Bóyá iṣẹ́ pàápàá."

"Bí o kò bá sọ ńkọ́?"

Ó fa kọ̀ǹpútà yọ nínú báàgì, ó yí i sí mi. Ẹni tó tọ́ka sí i gbẹ̀yìn kì í ṣe òǹkọ̀wé lásán. Ilé ìwòsàn kan ni, wọ́n fẹ́ máa fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní oògùn náà. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé ara lé? Àpilẹ̀kọ rẹ̀.

"Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, Bọ̀ọ̀dá. Wọn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì inú ike."

Ibi tí a ti ń wò ó ni iye ìtọ́kasí náà ti yí padà lójú wa. Ó fi ẹyọ kan lé. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ì bá fò sókè. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé bí ẹni pé ejò wà níbẹ̀.

"Ó tún ti lé! Ó dà bí ìgbà tí mo tú ajá dìgbòlugi sílẹ̀, tí n kò mọ ilé tó ń yà sí."

Ẹ̀rù wá ba èmi náà. Ilé kíkọ́ ni mo fi jẹun. Mo sọ fún un pé bí ìpìlẹ̀ bá wọ́, owó díẹ̀ la fi ń tún un ṣe kí wọ́n tó gbé àjà lé e. Bí èèyàn bá ti kó wọ ibẹ̀, òkú la ó máa kà.

"Ẹ má dẹ́rù bà mí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀rù ti bà ọ́ kí o tó dé ibí. Jẹ́ ká lò ó."

Ó kọ̀wé sí àwọn olótùú pé kí wọ́n yọ àpilẹ̀kọ òun kúrò. Ó di ojú kó tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ó wá pe ilé ìwòsàn náà. Mo ń gbọ́ tirẹ̀ nìkan: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, èmi ni… Wọ́n ti ṣe kín ni?… Láti ìgbà wo?" Ó gbé fóònù lé orí itan.

"Obìnrin mẹ́ta ti ń lò ó. Dókítà wọn ní òun máa dá a dúró kíá, àmọ́ kí n wá fẹnu ara mi ṣàlàyé fún wọn. Nísinsìnyí."

"Sọ ohun tí o sọ fún mi."

"Bí wọ́n bá ní oògùn tí ì bá wo àwọn sàn ni àwọn fi sílẹ̀ torí tèmi ńkọ́?"

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, torí wọn kì í fi epo tọrẹ, a sì jókòó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó wé gèlè bo orí tí irun ti re jáde wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú.

"Ṣé ẹ̀yin ni dókítà tó kọ ìwé yẹn? A ti ń retí yín."

Àbúrò mi ṣí ilẹ̀kùn.