Páìpù Kẹta

Ìyá Oòrùn, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ọdọọdún ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fọwọ́ sí i láìbéèrè nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: "Oòrùn nìkan ni a fi ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọdún yìí." Ó dé bírò rẹ̀ pa dà, ó sì rọra ti ìwé náà lórí tábìlì títí ó fi kan ìka Ọ̀gá Àgbà.

Iṣẹ́ wáyà ló kọ́. Kó tó dé ibi tó wà yìí, fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Nígbà tí yunifásítì márùn-ún pawọ́ pọ̀ dá ilé kọ̀ǹpútà ńlá sílẹ̀, nítorí pé kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wọn, òun ni wọ́n gbà pé kó máa ṣọ́ bátìrì. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì yóò fi ọdún méjì ṣe, ọjọ́ mẹ́rin ló ń gbà níbẹ̀. Sólà bo òrùlé, ó bo pápá ẹ̀yìn ilé, gbogbo agbára tó bá sì rí kó jọ ń lọ sínú bátìrì tó tò sí yàrá kan tó rẹlẹ̀, níbi tí Ìyá Oòrùn ń jókòó sí.

Àdéhùn àwọn márààrún kò lọ́jú pọ̀. Bí bátìrì bá wá sí ìsàlẹ̀ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró, ìbáà ṣe ti yunifásítì ńlá, ìbáà ṣe ti kékeré. Ní aago méje àárọ̀, Ìyá Oòrùn yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó kù sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Bó bá ti kọ "Ẹ dákẹ́" sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn yóò ti yàrá ẹ̀rọ pa kí ọ̀rinrin má bàa wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní débẹ̀ mọ́ títí oòrùn yóò fi yọ.

Àwọn olùwádìí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Oòrùn, ẹ bá wa bẹ ọkọ yín lókè kó yọjú o!"

"Ọkọ mi ń sùn," ni yóò dá wọn lóhùn. "Ẹ̀yin náà ẹ lọ sùn."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ yìí ń fi ẹ̀rọ náà wádìí bí omi odò ṣe máa ń ya wọ ìgboro. Ìṣirò rẹ̀ nílò ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Bó bá dúró lágbede méjì, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò pa dà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú ọjọ́ dá a dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ku ọjọ́ kan kó parí, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú òkèèrè tó fẹ́ gbà á, bó bá mú èsì náà wá, tó ti ilẹ̀kùn, ni iye tó kù nínú bátìrì bá di méjìdínlógójì.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú bátìrì. "Màmá, méjì péré ló fi dín. Ẹ kọ ogójì. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Ọmọ yín ni mí o!"

"Ohun tí mi ò fi lè ṣe é gan-an nìyẹn. Ojú wo ni màá fi wo àwọn yòókù?"

Ó fa ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń pa iná ẹ̀rọ wálẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi àyè ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọ náà wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀. Inú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ṣì jọ ń gbé, àmọ́ "Ẹ káàárọ̀ mà" àti "Ó dàárọ̀ mà" nìkan ló kù láàárín wọn, bí ẹni tó ń kí onílé. Ìyá náà gbé e mì. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé gbogbo ènìyàn ló dúró lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọmọ òun nìkan.

Ní oṣù tó kọjá, lọ́jọ́ kan tó ti kọ "Ẹ dákẹ́" láàárọ̀, òrùlé ń jò. Ó lọ mú báàkẹ́ẹ̀tì ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Páìpù mẹ́fà ló gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìlà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Omi inú wọn ló ń gbé ooru kúrò lára ẹ̀rọ. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ń sá àkísà rẹ̀ sórí ẹyọ kan.

"Kí ló dé tó o kó gbogbo ẹ̀ jọ sórí èyí?"

"Ẹ̀yin náà, Ìyá Oòrùn! Lọ́jọ́ òjò, òun nìkan ló ń gbóná. Àwọn tó kù á tutù nini. Ọdún kẹta rèé tó ti ń bá mi gbẹ àkísà."

Ìyá Oòrùn fọwọ́ kan páìpù kẹta, ó sì yọ ọ́ kíá. Ó tẹ̀ lé wáyà ìlà kẹta láti ẹ̀yìn ògiri. Wáyà náà kò lọ sí yàrá bátìrì. Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà lọ sídìí òpó iná ìgboro, iná tí wọ́n ń sun èédú kí wọ́n tó rí.

Igbákejì rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Àbúrò, ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ. Ìyá Oòrùn ló mú un wá láti ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, inú fíláàsì rẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì ti ń jẹun ọ̀sán láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó bá a níbi tó ti ń fọ síbí.

"Àbúrò, ta ló ri wáyà mọ́ abẹ́ ilẹ̀?"

Síbí kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó."

"Ọ̀gá Àgbà ló ní ká ṣe é. Yunifásítì tó tóbi jù ló halẹ̀ pé àwọn máa kúrò tí iṣẹ́ àwọn bá tún dúró. Ìlà kan ṣoṣo ni."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò ní gbà ni."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi mí sídìí pátákó?"

Ilẹ̀ ni Àbúrò ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ta ni ì bá gbà á gbọ́, tí kì í bá ṣe ọwọ́ yín ló ń kọ ọ́? Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ dá ọmọ yín dúró."

"Lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ yẹn, wáyà náà ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀."

"O jókòó tì mí. Ò ń jẹun mi."

"Mò ń jẹun yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Oòrùn mú síbí tirẹ̀ nílẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, síbí ẹyọ kan ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó lè sọ ọ́ nílé. Ọmọ rẹ̀ ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe òjò ló dá mi dúró."

"Kì í ṣe òjò. Èmi ni."

Ọmọ náà lọ apá ẹ̀wù náà tán, ó tún un lọ, ó yí i pa dà. "Ẹ ò ní fọwọ́ síwèé wọn, àbí?"

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Ìyẹn nìkan ò tó, Màmá."

Ìyá náà kíyè sí i pé kò fi "mà" kún un.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà Ọ̀gá Àgbà dé: kó fọwọ́ sí i lójú àwọn aṣojú yunifásítì márààrún, tàbí kó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì sílẹ̀, kó sì máa lọ. Ọ̀gá Àgbà ì bá yọ wáyà náà kí wọ́n tó dé, àmọ́ iṣẹ́ yunifásítì ńlá ṣì wà lórí ìlà kẹta títí di Sátidé, bó bá sì dúró, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò pa dà sí.

Rédíò ní òjò yóò ṣú láti Ọjọ́bọ. Ìyá Oòrùn ti bẹ obìnrin tó ń nu ilẹ̀ pé kó fi àkísà rẹ̀ sílẹ̀ lórí páìpù kẹta, kí àwọn aṣojú lè fọwọ́ ara wọn kan ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti gba àyè níbi iṣẹ́ láti bá a lọ. Ìpàdé náà di ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, níwájú pátákó ẹnu ọ̀nà.